Ọjọ́ Méje ní Salvador àti Cachoeira: Àgbéyẹ̀wò Ìrìnàjò Mi sí Bahia

Owó ara mi ni mo fi lọ sí Salvador, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, mo sì lo ọjọ́ méje gbáko níbẹ̀ nínú oṣù kẹwàá. Mo sanwó fún ilé àlejò kan, mo sanwó fún amọ̀nà kan tí ó mú mi káàkiri ìlú fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sì tún sanwó fún ìrìnàjò ọlọ́jọ́ kan sí ìgbèríko, èyí tí ilé iṣẹ́ kan tà fún mi. Méjì àkọ́kọ́ tẹ́ mi lọ́rùn. Ìkẹta bí mi nínú gidigidi, ṣùgbọ́n òun náà ni ó fà á tí mo fi rí ibi tí ó dùn mọ́ mi jù lọ nínú gbogbo ìrìnàjò náà. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí ó sì fẹ́ lọ sí Salvador kò gbọdọ̀ lọ bí ẹni tí ó fẹ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ń ṣe nǹkan wa dáadáa, ìyẹn òrìṣà, oúnjẹ àti orin tí àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé ibẹ̀. Tiwọn ni wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí èyí yé mi ni ìlú náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi.

Ilé àlejò náà wà ní Santo Antônio Além do Carmo, àdúgbò kan tí ariwo kò pọ̀ sí, lókè Pelourinho tí ó jẹ́ àárín ìlú àtijọ́. Yàrá mi kò tóbi, ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ibi tí òkun ti ya wọ inú ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Baía de Todos os Santos. Ní àràárọ̀ ni ìyá onílé máa ń gbé kọfí, èso, àti àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gbágùúdá ṣe wá síwájú wa. Orí òkè ni Tomé de Sousa, ẹni tí ọba Potogí rán wá, tẹ ìlú náà dó sí ní 1549 kí ọ̀tá má baà tètè dé bẹ̀, èbúté sì wà nísàlẹ̀. Títí di òní olónìí, Ìlú Òkè àti Ìlú Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n. Salvador ni ó jẹ́ olú-ìlú Bràsíl títí di 1763. Lífìtì Lacerda, tí wọ́n ṣí ní 1873, ni ó so ìlú méjèèjì pọ̀. Gíga rẹ̀ tó mítà 72, owó rẹ̀ kéré gan-an, mo sì ti gùn ún tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó kúrò níbẹ̀. Bàtà tí ó gba ẹsẹ̀ dáadáa ṣe pàtàkì, nítorí òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú ọ̀nà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni ọ̀pọ̀ wọn. Tí òjò bá rọ̀ sí i, yíyọ̀ ni ó máa ń yọ̀.

Pelourinho ni gbogbo àlejò ń kọ́kọ́ lọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àjọ UNESCO ti fi àárín ìlú àtijọ́ náà sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé ní 1985, àwọn ilé rẹ̀ sì ní àwọ̀ oríṣiríṣi tí ó wu ojú. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó ń ya fọ́tò níbẹ̀ rántí pé orúkọ òpó tí wọ́n ń so àwọn ẹrú mọ́ láti nà wọ́n ni wọ́n fi pe àdúgbò náà. Amọ̀nà mi, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò jẹ́ kí n gbàgbé. Ní Ladeira da Praça ni ó ti dá mi dúró, tí ó ní ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1835, nígbà tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde sí àwọn olówó wọn ní ìgbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń parí lọ. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ìmàle, ọ̀pọ̀ wọn ni ó sì jẹ́ Yorùbá. Tírà tí wọ́n kọ Lárúbáwá sí wà lára ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó kú àti àwọn tí wọ́n mú. Títì gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lásán ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Nítorí irú èyí ni mo ṣe gbà pé owó amọ̀nà náà kò wọ́n.

Ní Museu Afro-Brasileiro, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Terreiro de Jesus, ẹ fara balẹ̀ wo pátákó igi kédárì 27 tí oníṣẹ́ ọnà kan tí ń jẹ́ Carybé gbẹ́ àwòrán òrìṣà sí. Wákàtí méjì ni mo lò ní iwájú wọn nìkan.

Ọ̀rọ̀ àkàrà kò ṣeé fi ẹnu lásán kọjá. Acarajé ni wọ́n ń kọ ọ́, baiana sì ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin tí ń tà á, pẹ̀lú aṣọ funfun, gèlè funfun àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn. Ní 2005 ni ìjọba Bràsíl fi iṣẹ́ wọn sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà. Mo dúró ti ìyá kan ní àdúgbò Rio Vermelho fún bí wákàtí kan láti wo bí ó ṣe ń ṣe é. Ó ń fi ṣíbí igi gbọ̀ọ̀rọ̀ po ẹ̀wà lílọ̀ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kò sì dá ọwọ́ dúró títí ẹ̀wà náà fi wú tí ó sì funfun bí òwú. Odindi àlùbọ́sà kan wà nínú epo pupa tí ó ń hó. Kí ó tó ta ẹyọ kan, ó kọ́kọ́ dín kéékèèké díẹ̀, ó sì jù wọ́n sí ẹ̀bá títì fún Èṣù láìsọ ọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀bẹ la tèmi láàárín, ó ki vatapá sí i, ìyẹn ọbẹ̀ ki tí wọ́n fi búrẹ́dì, edé, ẹ̀pà, omi àgbọn àti epo sè, ó fi ọbẹ̀ ilá tí wọ́n ń pè ní caruru lé e, ó sì fi tòmátì àti edé gbígbẹ parí rẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín bóyá gbígbóná ni ẹ fẹ́ tàbí tútù, ata ni wọ́n ń bèèrè. Gbígbóná ni èyí tí wọ́n bu ata sí. Ẹyọ kan tó oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ̀wà kan náà ni wọ́n pọ́n sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n sì sè bíi mọ́ínmọ́ín, abará ni wọ́n ń pe ìyẹn, òun ni èmi sì fẹ́ràn jù.

Nídìí oúnjẹ náà ni ẹ̀gbọ́n amọ̀nà ti kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ tí mo sọ níṣàájú. Ó jẹ́ ogã nínú ilé òrìṣà kan, ìyẹn olóyè ọkùnrin tí òrìṣà kì í gùn. Ní ọjọ́ kejì, ó gbé àwo ilá tí wọ́n fi epo àti edé sè síwájú mi, ó ní àmàlà ni. Mo ní rárá o, ilá nìyí, ẹ̀lùbọ́ ni a fi ń ro àmàlà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Àbúrò, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń gbé èyí fún Ṣàngó, kò sì tíì kọ̀ ọ́ rí.” Mo dákẹ́, mo jẹ ẹ́, ó sì dùn. Láti ọjọ́ náà ni mo ti jáwọ́ nínú títún ọ̀rọ̀ sọ fún wọn, tí mo wá ń bèèrè.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni a lọ sí ilé òrìṣà tí ń jẹ́ Ilê Axé Opô Afonjá, níbi tí ó ti bá mi gba àyè ṣáájú. Eugênia Anna dos Santos, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Aninha, ni ó dá a sílẹ̀ ní 1910. Ó gbòòrò bí abúlé, ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan dá dúró láàárín àwọn igi, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó sì wà níbẹ̀ ń jẹ́ Ilê Ohun Lailai. Ilé ohun láíláí! Kò sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n wá ka orúkọ oyè àwọn ọba méjìlá Ṣàngó, ìyẹn àwọn olóyè ilé náà, èyí tí Ìyá Aninha fi lélẹ̀ ní àwọn ọdún 1930 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Martiniano do Bonfim tí ó ti gbé ní Èkó nígbà èwe rẹ̀: Abiodun, Aré, Cancanfô, Onikoyi, Olugbon, Aressá. Mo ní kí ó jọ̀ọ́ tún wọn kà. Oníkòyí, Olúgbọ́n, Arẹ̀sà, ní ẹnu ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ju orin àti ìkíni lọ. Orí mi wú.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, ó mú mi lọ sí ibi ọdún òrìṣà ní ilé kékeré kan tí mi ò ní dárúkọ, nítorí ilé ìjọsìn ni, wọn kì í sì í gba owó ìwọlé. Aṣọ funfun ni kí ẹ wọ̀, dúdú kò bójú mu. Kò sí fọ́tò yíyà rárá. Ọkùnrin ń jókòó sí apá kan, obìnrin sí apá kejì. Ìlù mẹ́ta ni wọ́n ń lù, rum, rumpi àti lé, pẹ̀lú agogo tí ó ń ṣáájú wọn. Xirê ni wọ́n ń pe orin àti ijó náà, ìyẹn ṣiré, Ògún ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ohùn Yorùbá inú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ti yí padà, ṣùgbọ́n nínú orin, mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, ọ̀rọ̀ kan lọ́hùn-ún, bí ẹni tí ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti yàrá kejì. Nígbà tí Ṣàngó dé, gbogbo ilé dìde, wọ́n ké “Kaô Kabiecilê!” Mo mọ ohun tí a ń dáhùn. Èmi náà ké e. Àwọn kan ń ta ijó òrìṣà pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́ fún àwọn àlejò; tí àyè bá yọ fún yín láti rí ojúlówó, ẹ má ṣe ná owó yín sórí ìyẹn.

Nípa ọjà São Joaquim, níbi tí obì, orógbó, epo pupa àti ewé ti kún gbogbo ọ̀nà, ìdajì ọjọ́ tó. Etí òkun Barra dára ní ìrọ̀lẹ́, nítorí ibẹ̀ ni oòrùn ti ń wọ̀ sínú omi.

Ó wá ku ìrìnàjò sí ìgbèríko. Ilé iṣẹ́ tí ó tà á fún mi ṣèlérí odindi ọjọ́ kan ní Cachoeira. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ní kí n múra sílẹ̀ dè wọ́n, aago mẹ́wàá ti kọjá kí ọkọ̀ tó dé, nítorí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́fà ni ó ti ń kó èrò. Wọ́n tún yà wá sí ṣọ́ọ̀bù kan fún bí wákàtí kan kí a lè rajà. Wákàtí kan àtààbọ̀ péré ni a lò nínú ìlú tí a torí rẹ̀ jáde. Mo bèèrè apá kan nínú owó mi, wọn kò dá a padà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ ra irú ètò báyìí bèèrè ṣáájú, ní kíkọ sílẹ̀, iye wákàtí tí wọn yóò lò ní ìlú náà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí garéèjì, mo wọ bọ́ọ̀sì tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀. Cachoeira jìnnà sí Salvador tó nǹkan bíi kìlómítà 120. Recôncavo ni wọ́n ń pe agbègbè náà, ilẹ̀ dúdú ki tí wọ́n ń pè ní massapê ni ìrèké ti jẹun yó níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, tábà sì wà lórí ilẹ̀ yanrìn. Odò Paraguaçu ni ó sọ ìlú náà di ọlọ́rọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gúnlẹ̀ sí kí àwọn ìbaaka tó ru ẹrù wọ inú ilẹ̀. Mo wọ ilé ẹgbẹ́ Boa Morte, ẹgbẹ́ àwọn àgbà obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ọdún wọn máa ń bọ́ sí ọjọ́ 13 sí 15 oṣù kẹjọ. Ìtàn wọn sọ pé àwọn ìyá wọn máa ń dá owó jọ láti ra àwọn ẹrú padà. Níbẹ̀ ni mo ti jẹ maniçoba, ewé gbágùúdá tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì sè fún ọjọ́ púpọ̀ kí oró rẹ̀ lè jáde, pẹ̀lú ẹran oníyọ̀. Ó dúdú, kò wu ojú, ṣùgbọ́n mo bu ẹ̀kejì.

Mo wá fi ẹsẹ̀ gba orí afárá irin tí wọ́n ṣí ní 1885 kọjá sí São Félix, ìlú tí ọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Dannemann ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ sìgá ńlá, èyí tí wọ́n ń fi ewé tábà wé, ní 1873. Mo rí ìyá kan tí ń wé tábà lórí tábìlì igi. Ó na ewé náà pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ bí ẹni ń na aṣọ àrán, ó gé etí rẹ̀, ó yí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì wo ọwọ́ rẹ̀ rárá. Èmi ni ó ń wò tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá tún ń lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni n ó lò ní Salvador, n ó sì sun Cachoeira fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí pé ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì ni àwọn àgbà ìlú náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé àga wọn jáde sí ẹnu ọ̀nà.