Lọ́yà tó gbé ẹjọ́ ọtí àbúrò mi lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn

Ẹni tó bá ń wá lọ́yà fún ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ẹni tí yóò fara balẹ̀ ka ìwé ni kó wá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí.

Páálí ọtí tí òfin kò gbà láyè ni wọ́n bá nínú búùtù ọkọ̀ tí àbúrò mi àti àwọn mìíràn jọ wọ̀. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi. Bí màmá wa ṣe fẹ́ máa ro ẹjọ́ náà fún lọ́yà, ó rọra dá wọn dúró, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ọjọ́ wo ni wọ́n dájọ́?” Gbèdéke wà fún pípe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, bó bá sì kọjá, ọ̀rọ̀ lè bẹ́yìn yọ. Ìyẹn ló kọ́kọ́ mójú tó, lẹ́yìn náà ló bá wa tọrọ béèlì.

Ó ṣàlàyé pé àwọn adájọ́ òkè kì í sábà gbọ́ ẹlẹ́rìí tuntun, àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ni wọn yóò yẹ̀ wò. Ó wá ṣí àkọsílẹ̀ náà sí ojú ewé kan. Ọlọ́pàá tó tú ọkọ̀ ti sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ níbẹ̀ pé títì ni búùtù wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ awakọ̀. Lọ́yà fi pẹ́ńsù fa ìlà sábẹ́ ẹ̀, ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ wa: kò sẹ́ni tó jẹ́rìí pé àbúrò mi mọ̀ pé ọtí wà níbẹ̀, tàbí pé ó ní àṣẹ lórí ẹ̀. Kéèyàn wà nítòsí nǹkan kọ́ ló ní kó wà ní ìkáwọ́ ẹ̀. Àwa tá a jókòó ní kóòtù lọ́jọ́ náà gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó kàn kọjá létí wa ni.

Kò sẹ́ni tó yẹ ohun tó wà nínú ìgò ọtí náà wò rárá, mo sì rò pé ibẹ̀ ni yóò tẹ̀ mọ́ jù. Ó ní ẹ̀yìn ni ká fi ìyẹn sí, torí àwọn adájọ́ kan lè gba orúkọ ara ìgò gbọ́. Kò ṣèlérí kankan: ó ní wọ́n lè fagi lé ìdájọ́, wọ́n lè ní ká tún ẹjọ́ rò, wọ́n lè dín ìyà kù, wọ́n sì lè fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Wọ́n fagi lé e.

Ìràwọ̀ mẹ́rin ni mo fún un. Kì í tètè gbé fóònù, owó ìdàkọ àkọsílẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó iṣẹ́, a ò gbọ́ ọ títí ìwé owó fi dé. Ẹ béèrè ẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.