Ọdún mẹ́ta nínú ọkọ̀ ojú omi àlòkù: ohun tó dùn mọ́ wa àti ohun tó dùn wá

Ọdún kẹta rèé tí èmi, bàbá àwọn ọmọ àti àwọn ọmọ wa méjèèjì ti ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi, tí a ń ti èbúté kan bọ́ sí òmíràn. Ọkọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ó ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lójú omi kí a tó rà á. Ẹsẹ̀ bàtà 42 ni gígùn rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní, eré rẹ̀ kò sì ju ti ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ lọ. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó kàn án, torí lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ọwọ́ àwọn tó ti lò ó lèèyàn ń rí lára ọkọ̀, kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó kàn án mọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú ọkọ̀ wo ni kí òun rà fún ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ pípẹ́ pẹ̀lú ọmọ, ìdáhùn mi kì í pẹ́: ẹ ra èyí tí ẹ lè wọ yàrá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí ọwọ́ yín sì tó gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀. N kò bá ọgbọ́n yẹn wáyé o. Ọkọ̀ mẹ́ta ni a yẹ̀ wò kí n tó kọ́ ọ.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó gba ọkàn bàbá wọn. Funfun báláú, imú rẹ̀ ṣóńṣó, ó ń sá nọ́ọ̀tì 24 (ìyẹn máìlì òkun 24 ní wákàtí kan), àga inú rẹ̀ sì jẹ́ awọ. Ó jókòó sídìí ìtukọ̀, ojú ẹ̀ ń dán bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà fún. Mo ní kí alágbàtà bá mi ṣí ilẹ̀ kí n rí ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì méjì ló há mọ́ra wọn níbẹ̀ bí èèyàn mẹ́rin tó sùn sórí ẹní kan. Kí ọwọ́ tó lè dé ẹ̀gbẹ́ òde ti apá òsì, ó di kéèyàn dojú bolẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, kó na apá wọlẹ̀ láìríran. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n so asẹ́ epo mọ́. Mo bi alágbàtà pé báwo lèèyàn á ṣe pààrọ̀ rẹ̀ lójú ìgbì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mà, ẹ ó pe mẹkáníìkì ni.” Mẹkáníìkì wo ló fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ wá bá mi láàárín òkun?

Ìṣirò epo ló wá gbé ọkọ̀ yẹn kúrò lọ́kàn òun náà. Ní eré tí wọ́n ń polówó, bíi lítà 150 ló ń mu ní wákàtí kan, ìyẹn lítà 6 àti díẹ̀ fún máìlì òkun kan. Tiwa lónìí ń mu lítà 8 sí 9 ní wákàtí kan ní nọ́ọ̀tì 7, bíi lítà 1.2 fún máìlì kan. Ìlọ́po márùn-ún ni ìyàtọ̀ náà. Ẹni tó ń jáde lópin ọ̀sẹ̀ lè fara dà á, àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi ọdún rìn, owó epo á so ó mọ́ èbúté.

Ọkọ̀ tó ń la omi kọjá, tí kì í gun orí omi bí àwọn eléré wọ̀nyẹn, ní ààlà eré tirẹ̀. Ẹ wọn gígùn ọkọ̀ níbi tí omi dé, ní ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, iye yẹn ló máa fún yín. Ẹ wá sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ lọ́nà 1.34. Eré ọkọ̀ ní nọ́ọ̀tì nìyẹn. Tiwa jẹ́ 38 níbi omi, nítorí náà bíi 8.3 ló mọ. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé ibẹ̀, ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ló máa gbìyànjú láti gùn bí òkè, epo á sì máa lọ bí omi. A kì í kọjá 7. Ẹni tó bá rò pé irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè gbéni dé ibì kankan, kó rántí pé Nordhavn 40 kan, tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 40 lọ, fi ẹ́ńjìnnì yí gbogbo ayé po láàárín 2001 sí 2002.

Ọkọ̀ kejì kò gba wákàtí kan lọ́wọ́ wa. Mo ti bẹ ọlọ́jà pé kó má tan ẹ́ńjìnnì kí a tó dé. Mo gbé ọwọ́ lé e, ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní òun kàn ń gba agbára sí bátìrì ni. Mo dúpẹ́, mo kí i pé ó dàbọ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bá tutù ló máa ń jẹ́wọ́: bó bá ṣòro láti tan, ẹ ó gbọ́, bó bá ń tú èéfín búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, bó bá ṣe dúdú, epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ tàbí ẹrù ti wúwo jù fún un, bó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró, epo kan wà tí kò jóná tàbí kí omi ti wọ ibi tí kò yẹ. Ẹni tó bá ti mú un gbóná sílẹ̀ ti pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. (Ti bẹntiróòlù ńkọ́? A ò wò ó rárá. Afẹ́fẹ́ epo bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lásán lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ gbára jọ sí, iná kékeré kan ló sì ń dúró dè. Èmi ò lè sùn lórí ìyẹn pẹ̀lú ọmọ.)

Ẹ̀kẹta ni a rà. Sọfíọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí a gbà, ìyẹn ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò kí èèyàn tó rà á, jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ lórí dẹ́ẹ̀kì (ilẹ̀ òkè ọkọ̀), wọ́n mú òòlù kékeré olórí ike, wọ́n ń gbá a lọ díẹ̀díẹ̀: kó, kó, kó. Wọ́n dé ìdí òpó irin kan lápá ọ̀tún, ohùn yí padà: pọ̀, pọ̀. Wọ́n gbójú sókè. “Ẹ gbọ́, ìyá wa?” Mo ní mo gbọ́. Wọ́n fi ẹfun yí ibẹ̀ ká, wọ́n tẹ̀síwájú. Nígbà tí wọ́n parí, ojú ẹfun mẹ́rin ló wà lórí dẹ́ẹ̀kì, èyí tó tóbi jù nínú wọn fẹ̀ tó ẹní ọmọdé.

Ohun tó fà á ni pé fáìbà dẹ́ẹ̀kì ní ìpele méjì, igi fúyẹ́fúyẹ́ kan ni wọ́n fi há sáàárín. Lórí rẹ̀ ni wọ́n tẹ́ pákó tíìkì sí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìdè ni wọ́n sì fi dè é mọ́lẹ̀. Bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ihò ìdè kọ̀ọ̀kan á di ọ̀nà omi, igi àárín á sì rọ̀ bíi páálí tí òjò pa. Tíìkì rẹwà, mo gbà, àmọ́ bí mo bá tún ọkọ̀ rà, èyí tí kò ní in ni màá rà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni a fi gé dẹ́ẹ̀kì yẹn, tí a fi yọ ohun tó rà, tí a fi dí i padà, eruku fáìbà sì mú kí ara gbogbo wa máa yún wa.

Ìka sọfíọ̀ náà tún kan táǹkì epo apá ọ̀tún, ó tutù rinrin. Táǹkì irin ni, ó ti ń làágùn epo. Òkè ni irú rẹ̀ ti ń dípẹtà, níbi tí omi ti ń kán sí i láti ara dẹ́ẹ̀kì, ojú kì í sì í débẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó di kí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì jáde kí táǹkì tó lè jáde. Nínú tiwa, nítorí pé àyè wà, a gé e sí wẹ́wẹ́ níbẹ̀, a sì gbé kékeré méjì wọlé dípò rẹ̀. Dẹ́ẹ̀kì àti táǹkì yìí ni a fi dúnàá dúrà, ọlọ́jà kò sì jiyàn nígbà tó ka ìwé àyẹ̀wò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fọwọ́ síwèé láìgbé ọkọ̀ jáde sórí omi. Ẹ́ńjìnnì wa, Ford Lehman 120, gbọ́dọ̀ yí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan bí a bá tẹ̀ ẹ́ dé òpin. 2,300 ló dúró sí. Àyà mi já. Nígbà tí wọ́n wọ́ ọkọ̀ gòkè, a rí i pé àwọn ẹ̀dá oníkarahun inú òkun ti bo pùròpẹ́là, abẹ̀bẹ̀ abẹ́ omi tó ń ti ọkọ̀ síwájú, bámúbámú. Wọ́n ha wọ́n dànù, ó sì di 2,500 géérégé. Bíi katakata ni ariwo rẹ̀, kò lẹ́wà, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀: kò ní kọ̀ǹpútà kankan lára, ohun ìpààrọ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Pọ́ǹpù tó ń fún un ní epo ní ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, èyí tí à ń pààrọ̀ ní wákàtí 50, 50. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn kì í mọ̀.

Ti ìwé ọkọ̀, mo kàn fẹ́ sọ pé gbèsè lè tẹ̀ lé ọkọ̀ dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wò ó. Ní Yúróòpù, láti 1998 ni ọkọ̀ tuntun ti ń gbé lẹ́tà A dé D láti sọ irú omi tó lè kojú. B dúró níbi ìgbì mítà 4, C níbi mítà 2. Tiwa ti dàgbà ju òfin náà lọ, kò ní lẹ́tà kankan.

Ẹ̀yìn tí a ṣí wọ inú rẹ̀ tán ni a tó mọ ohun tí ìwé àyẹ̀wò kì í sọ. Ọkọ̀ náà ń fì. Ìdí rẹ̀ rí rógódó, nítorí náà bí ìgbì bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, jangilọ́fà ni. Ọmọ wa kékeré bì ní ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ láìdáwọ́ dúró. A ti wá ra àwo irin tí à ń fi okùn so kọ́ òpó sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì nígbà tí a bá dákọ̀ró, ó sì dín ìfì náà kù gan-an, ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ lójú ọ̀nà, a kàn ń fara dà á ni. Ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa èéfín olóró, tí kì í rùn, wà ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn kò gba àríyànjiyàn. Ariwo ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ilé ìjókòó kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kàwé sókè. Irin ìdáàbòbò ẹ̀gbẹ́ dẹ́ẹ̀kì ga dé àyà ọmọ àgbà, òun sì ni ohun àkọ́kọ́ tí mo wọ̀n, kí n tó wo yàrá kankan.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé a rà á re ni ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú. Òkun ti ń ru láti òwúrọ̀, ó ti po ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ táǹkì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kọ ìgbì. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì níbi tí àyè wà fún orúnkún mi méjèèjì. Mo ti ẹnu epo, mo tú ife asẹ́: ẹrẹ̀ dúdú ló kún inú rẹ̀. Mo fi asẹ́ tuntun sí i, mo dẹ nọ́ọ̀tù, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí epo fi ń jáde láìsí ìfófòó. “Ó di ìṣẹ́jú mélòó?” ni mo pariwo. Bàbá wọn ní mẹ́rìnlá. Ó tan. Lẹ́yìn ìyẹn ni a so asẹ́ méjì pọ̀ tó jẹ́ pé ọwọ́ kan lèèyàn máa yí láti bọ́ sí èkejì.

Bí n bá ní kí n fún un ní máàkì, mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìfì àti tíìkì ló jẹ ẹyọ kan yòókù. Ní oṣù tó ń bọ̀ a ó wọ́ ọ gòkè láti kun abẹ́ rẹ̀. Bàbá wọn ti rí ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 48 kan tó wù ú. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wo ibi tí asẹ́ epo rẹ̀ wà.