Ètò ìkówójọ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ṣe fún wa, tí ajá wà nínú rẹ̀

Ojú ìwé 12 ni akápò wa ti dá ọkùnrin náà dúró. Orí Zoom la ti ń ṣe ìpàdé, gbogbo ìgbìmọ̀ alábòójútó wa ló pé síbẹ̀, ọ̀gbẹ́ni tí ilé iṣẹ́ kan tó ń bá ẹgbẹ́ kéékèèké wá olùgbàmọ̀ràn ọ̀fẹ́ yàn fún wa sì ń ka ètò ìkówójọ tó ṣe fún wa, ó ń fi ojú ìwé kọ̀ọ̀kan hàn wá bó ṣe ń kà á lọ. Akápò wa, àgbà obìnrin tí kì í já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró díẹ̀. Ajá wo lẹ ń sọ?"

A tún ibẹ̀ kà. Ó hàn kedere pé kí a máa fi fọ́tò àwọn ajá tí a bá gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn olùtọrẹ wa lóṣooṣù. Ẹgbẹ́ wa kò sin ajá, a kò sì gba ajá là rí. Àwọn àgbàlagbà tí wọn ò láǹfààní àtilọ sílé ìwé nígbà èwe là ń kọ́ ní mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà.

Èsì tí ọkùnrin náà fọ̀ bí mi nínú ju ajá náà lọ. Ó ní, "Ẹ má bínú, ẹ kàn fi 'akẹ́kọ̀ọ́' rọ́pò 'ajá', gbogbo ìyókù ṣì bá yín mu." Alága wa bi í bóyá ó ka ìròyìn ọdọọdún tí a fi ránṣẹ́. Ó ní òun wò ó fìrí. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀. Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ yìí wá síwájú ìgbìmọ̀, ojú tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè wo alága.

Fún ẹni tí kò bá mọ irú iṣẹ́ yìí: àwọn tó ń jẹun nídìí ìkówójọ, tí wọ́n ń bá yunifásítì, ilé ìwòsàn àti àjọ ńláńlá wá owó, ló ń yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ láti gba ẹgbẹ́ kéékèèké nímọ̀ràn láìgba kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ kan á wà láàárín tí yóò so wọ́n pọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Taproot Foundation tí Aaron Hurst dá sílẹ̀ ní 2001 wà lára àwọn tó sọ irú ètò báyìí di ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Kì í ṣe Taproot ni mo ń bá wí o. Ilé iṣẹ́ tó kéré sí i gan-an ni tèmi, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ímeèlì sí wọn. Èsì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì: wọ́n dúpẹ́ pé mo kàn sí wọn, wọ́n sì rọ̀ mí kí n rántí pé lọ́fẹ̀ẹ́ ni àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń fi àkókò wọn sílẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan nípa ajá. Kò pẹ́ rárá, fọ́ọ̀mù tún dé pé kí n fún wọn ní ìràwọ̀ márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ "lọ́fẹ̀ẹ́" yìí ni mo fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ kéékèèké tó ń ka èyí dúró lé lórí. Ọ̀fẹ́ wo? Fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ wọn gùn: wọ́n béèrè ìṣirò owó wa fún ọdún mẹ́ta, orúkọ ibi tí owó ti ń wọlé, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́, ìtàn bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Akápò wa kó gbogbo rẹ̀ jọ. Àwọn olùkọ́ wa sún kíláàsì síwájú kí wọ́n lè dáhùn ìbéèrè. Ká ní a ti fi ètò náà ránṣẹ́ sí olùtọrẹ kan láìkà á, tí òun sì rí ajá níbẹ̀, ta ni yóò dá ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ padà fún wa? Ẹni tó bá gbà láti ṣe iṣẹ́ láìgba owó ti gbà láti ṣe iṣẹ́. Kí ó ka ìwé wa.

Mo pè wọ́n lórí fóònù. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń rí sí ètò náà ló gbé e. Ó kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka ìwé jáde: pé gbogbo olùyọ̀ǹda ara ẹni wọn ló nírìírí, pé àwọn máa ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde. Mo ní kó dákẹ́ ná, mo ka ojú ìwé 12 sí i létí, láti òkè dé ìsàlẹ̀, pẹ̀lú apá tó ní kí a máa ra oúnjẹ ajá lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò fọhùn fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò ka ìwé náà kí n tó fọwọ́ sí i. Èmi nìkan ni mò ń bójú tó gbogbo ẹgbẹ́ tó wà lọ́wọ́ wa."

Inú mi rọ̀ síbi ọ̀rọ̀ yẹn. Ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ṣe lè wá owó kò rí owó gba igbákejì fún ọmọ yìí. Ó ní kí n fún òun láàyè díẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn. Ó sì wá a lóòótọ́.

Ẹni tó bá wa wá, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nídìí ìkówójọ fún ilé ìwòsàn ńlá kan. Ìgbà tí a kọ́kọ́ pàdé, wọ́n gbé ìròyìn ọdọọdún wa sókè, wọ́n ti fi bírò pupa fàlà sí i káàkiri. Wọ́n mọ orúkọ ìyá tó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ìtàn tí a fi sí igun kékeré lẹ́yìn ìwé. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ fi ìyá yìí pa mọ́ sẹ́yìn? Òun ló yẹ kó ṣíwájú."

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọn kò kan olówó kankan. Wọ́n ní àwọn tó fún wa lówó lọ́dún tó kọjá ńkọ́, ta ló ti pè wọ́n? A ní gbogbo wọn ló gba rìsíìtì. Màmá ní, "Rìsíìtì kì í ṣe ọpẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi." Wọ́n ṣàlàyé pé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, Fundraising Effectiveness Project, ti ń fi hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kò tó ìdajì àwọn tó tọrẹ lọ́dún kan tó ń padà tọrẹ fún ẹgbẹ́ kan náà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àti pé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọrẹ fún ìgbà àkọ́kọ́ ló ń lọ jù. Bí olùtọrẹ bá ń jò lọ bẹ́ẹ̀, àtirí ẹni tuntun máa ń náni lówó ju kí a di ti àtijọ́ mú lọ. Wọ́n ní kí akápò pe ẹnì kan lójú ẹsẹ̀, kó dúpẹ́, kó má béèrè ohunkóhun. Ọkùnrin tó gbé fóònù náà ní òun ti ń dúró kí ẹnì kan sọ fún òun ohun tí wọ́n fi owó òun ṣe. Ó fẹ́ mọ bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣe sí, ó sì béèrè ọjọ́ tí òun lè wá wò wọ́n.

Akọ̀wé wa ní ìwé kan tí orúkọ àwọn gbajúmọ̀ tí a fẹ́ tọrọ owó lọ́wọ́ wọn kún inú rẹ̀. Màmá lo ìlànà mẹ́ta tí Henry Rosso, tó dá The Fund Raising School sílẹ̀ ní 1974, fi ń kọ́ àwọn akówójọ: ṣé ẹnì kan wà tó so wá pọ̀ mọ́ ọn, ṣé agbára rẹ̀ ká a, ṣé ọ̀rọ̀ wa tilẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀? Agbára nìkan ló wà lára púpọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ náà. Wọ́n fagi lé orúkọ wọn. Ẹni tí wọ́n kọ dípò wọn ni olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń fún wa ní owó kékeré láìdáwọ́ dúró.

Ọ̀kan lára ìgbìmọ̀ wa tún dábàá pé kí a gba aṣojú kan tí yóò máa mú ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá owó tó bá rí. Mo rò pé Màmá á rẹ́rìn-ín sí i. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Association of Fundraising Professionals, ẹgbẹ́ àwọn akówójọ tó ti wà láti 1960, kò gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìdá nínú owó tó kó jọ. Ẹni tó bá ń gba ìdá á máa sáré lé owó tó máa tètè wọlé, kò ní ní sùúrù fún ẹni tó nílò ọdún méjì kó tó gbọ́kàn lé wa. Olùtọrẹ ní tirẹ̀ rò pé akẹ́kọ̀ọ́ lòún fún lówó. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí.

Wọ́n tún gba ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí a fẹ́ fi béèrè owó ìrànwọ́ lọ́wọ́ wa, nítorí wọ́n ka ìlànà àjọ tí a fẹ́ kọ ọ́ sí, wọ́n sì rí i pé ilé kíkọ́ nìkan ni àjọ náà ń náwó lé. Ìyẹn gbà wá lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ alẹ́.

Kí n wá sọ ibi tí inú mi ti tún ru. Ìlànà ilé iṣẹ́ náà ni pé iye ìpàdé ni wọ́n ń kà, wọn kì í wo ibi tí iṣẹ́ dé. Bí ìpàdé ti pé báyìí, wọ́n ti ojú ìwé wa lórí ìkànnì wọn pa, gbogbo ohun tí Màmá kọ sí wa níbẹ̀ nípa olùtọrẹ kọ̀ọ̀kan sì bá a lọ. A ṣì wà láàárín ìpèsè lẹ́tà ìparí ọdún. Mo tún pe ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní òun ti sọ fún àwọn ọ̀gá òun, wọn ò tíì gbọ́. Bí ẹ bá ń bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ máa da gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá kọ sí yín kọ síbi tó jẹ́ tiyín, lójoojúmọ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gba ìwé àdéhùn tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n máa parí, kì í ṣe wákàtí tí wọ́n máa lò.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. A ti kọ̀wé béèrè fún sáà mìíràn, mo sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà pé bí kò bá ti jẹ́ Màmá, ẹni tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ ka ìròyìn ọdọọdún wa tán kó tó pè mí.