Ẹ má san àsansílẹ̀ fún oníwọ́ọ̀pépà "1818" yẹn

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń ra ilé àtijọ́ tún ṣe ní Connecticut àti Massachusetts, ẹ dákun, ẹ lajú yín. Ọkùnrin kan ń polówó wọ́ọ̀pépà, ìyẹn bébà aláwòrán tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ní Joseph Dufour tẹ̀ ní Paris ní 1818, èyí tí ìtàn Telemachus (akọni inú ìtàn àtijọ́ Gíríìkì) ní erékùṣù Calypso wà lára rẹ̀. Ó ní àṣẹ́kù èyí tó wà nílé Andrew Jackson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, ni. Ayédèrú pọ́nńbélé ni! Èmi àti ẹ̀gbọ́n wa kan la jọ lọ wò ó, ojú mi ló ṣe.

Oníjìbìtì náà gbọ́n, òótọ́ ló fi bo irọ́ rẹ̀ lójú. Wọ́ọ̀pépà yìí wà ní The Hermitage lóòótọ́, ilé Jackson nítòsí Nashville. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí ara ògiri àbáwọlé nígbà tí wọ́n tún ilé náà kọ́ lẹ́yìn iná ọdún 1834. Ó sì gbówó lórí lóòótọ́, torí pákó tí wọ́n gbẹ́ láti fi tẹ̀ ẹ́ lé ní 2,000.

Bébà ló kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀. Kó tó di nǹkan bí 1830, abala kéékèèké ni àwọn oníwọ́ọ̀pépà ń lẹ̀ mọ́ra wọn kí wọ́n tó tẹ àwòrán sí i, nítorí náà ojú ìlẹ̀pọ̀ gbọ́dọ̀ hàn lẹ́yìn rẹ̀. Tirẹ̀ lọ gbọọrọ láti òkè délẹ̀, kò sí oríkèé kankan. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ọ̀dà ayé ìgbà yẹn, ẹfun àti gúlúù ni wọ́n fi ń pò ó, ó máa ń yọrí lórí bébà débi pé ẹ ó rí ibi tí etí pákó gbé dúró. Tirẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Nígbà tí mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá sí i, àmì tó-tò-tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kún ibẹ̀. Ó sì ń rùn tíì. Tíì ló fi sọ ọ́ di ògbólógbòó!

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù: èékánná ló fi ń ha ojú àwọ̀ ewé rẹ̀ níwájú wa, ó ní ká wá wo bó ṣe gbó. Ẹni tó bá mọ wọ́ọ̀pépà ìgbà náà kò jẹ́ dán an wò láìwọ ìbọ̀wọ́, torí májèlé ásẹ́níìkì wà nínú ọ̀pọ̀ àwọ̀ ewé wọn.

Ó ti yí ohùn padà báyìí, ó ní ti Zuber, ilé iṣẹ́ oníwọ́ọ̀pépà Faransé kan, ni, ọdún 1834. Ẹ fetí sí mi dáadáa níbí o. Zuber ṣì ń fi pákó àtijọ́ tẹ wọ́ọ̀pépà títí dòní ní Rixheim, nílẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni, ṣùgbọ́n tuntun ni. Bó bá tilẹ̀ rí ojúlówó irú ẹ̀ mú wá, owó tuntun ni kẹ́ ẹ san.

Ẹ ní kó fi fọ́tò ẹ̀yìn bébà ránṣẹ́, kí iná ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i. Tiwa, ó kọ̀ jálẹ̀. Zelle, ètò tí wọ́n fi ń fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì kan sí òmíràn ní Amẹ́ríkà, ló máa ń ní kí wọ́n fi sanwó, àtirí owó gbà padà níbẹ̀ sì ṣòro gan-an. Ẹni tó bá ti fi káàdì san, ẹ pe báǹkì yín lónìí.