Gìtá Stratocaster 1974 bàbá mi, àti àwọn tó tún un ṣe ní Sùúrùlérè

Súìṣì kékeré kan ló mú mi kọ èyí. Sátidé tó kọjá ni mo lọ gba gìtá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ́wọ́ àwọn tó ń tún un ṣe. Mo fọwọ́ kan súìṣì rẹ̀, ó dún kẹ́, ó dúró níbi márùn-ún. Àyà mi já. Ibi mẹ́ta péré ló máa ń dúró.

Nígbà tí Leo Fender, tó ń tún rédíò ṣe tẹ́lẹ̀ tí kò sì mọ gìtá ta, gbé Stratocaster jáde ní 1954, pickup mẹ́ta, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn okùn gìtá, ló fi sí i, pẹ̀lú súìṣì oníbi mẹ́ta tó ń yan èyí tí yóò dún. Àwọn olórin tó ń ta á ló ṣàkíyèsí pé bí èèyàn bá rọra ti súìṣì náà dúró sáàárín ibi méjì, ohùn mìíràn ń jáde, tó mọ́ tó sì tutù. Ohùn yẹn ni bàbá mi máa ń lò lóde àríyá. Ọdún 1977 ni ilé iṣẹ́ Fender ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fi oníbi márùn-ún sí i.

Mo bi wọ́n pé, "Ta ló ní kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀?"

Ọmọ iṣẹ́ ní, "Brọ̀dá, eléyìí dáa jù. Tàtijọ́ yẹn ti gbó."

"Níbo ló wà?"

Ó dákẹ́, ó ń wolẹ̀. Ni mo bá fariwo ta. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, ọ̀sẹ̀ méjì ló gbà, wọn kì í gbé fóònù, kó tún wá jẹ́ pé wọ́n ti ju ẹ̀rí ọwọ́ bàbá mi nù!

Ọ̀gá wọn jáde láti ẹ̀yìn, bàbá àgbà kan. "Má bínú, ọmọ mi." Ó da agolo bisikíìtì kan sórí tábìlì, ó ń ṣa irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí súìṣì náà. Òun fúnra rẹ̀ ló jó o padà, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Ó tan áḿpù. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan tó fi àtàǹpàkò ti súìṣì sáàárín, tó sì ta orin jùjú díẹ̀. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Gìtá náà ní àléébù tirẹ̀ o. Ó wúwo, èjìká á sọ fún ẹ. Bóòtù mẹ́ta ló de ọrùn rẹ̀, mẹ́rin ni ti àwọn tó ṣáájú 1971, nítorí náà ọrùn máa ń yẹ̀ díẹ̀ bí nǹkan bá gbá a. Àwọn kan ní látìgbà tí CBS, ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, ti ra Fender ní 1965 ni iṣẹ́ ti bàjẹ́. Kí wọ́n wá gbọ́ tèmi ná.

Bàbá àgbà yẹn ò gba kọ́bọ̀ lórí súìṣì náà. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, torí ọmọ iṣẹ́ ọ̀hún ò tíì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá yẹn nìkan ni gìtá mi yóò máa wọ̀.