Àpótí aró Gram àti síláìdì 25 tí mo rà fún kíláàsì mi

Ìbínú ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi kọ àgbéyẹ̀wò àpótí yìí, tí aró inú rẹ̀ ń fi irú ògiri ara tí bakitéríà ní hàn. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, níwájú àwọn ọmọ SS2 mi, mo mú irú wooro tí mo rà láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi omi díẹ̀ pò nínú ọ̀yọ̀ tó wà lára rẹ̀ sórí síláìdì, mo yan án lórí iná, mo sì da crystal violet (aró àlùkò), áyódíìnì, sípíríìtì àti safranin (aró pupa) lé e ní ẹsẹẹsẹ. Bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Bacillus subtilis ni àgbà òṣìṣẹ́ nínú irú, ògiri ara rẹ̀ nípọn, aró sì máa ń mú un dáadáa. Mo ti kọ ọ́ sójú pátákó pé àwọ̀ àlùkò ni a ó rí. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ni a rí, bí ẹni pé E. coli, bakitéríà tí ògiri ara rẹ̀ tín-ín-rín, ni mo kùn.

Mo pe ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní, “Ẹ má bínú sà, ó lè jẹ́ pé kòkòrò yẹn ti kú ni.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí iná ti pa á kí aró tó kàn án rárá, bẹ́ẹ̀ ni a sì ṣe ń ṣe é. Ohùn mi ti ń lọ sókè nígbà tí ìyá kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bi mí pé ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ni mo fi da sípíríìtì. Mo ní mẹ́wàá. Wọ́n bèèrè ọjọ́ orí irú náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ gbé ìgò áyódíìnì sójú fèrèsé, kí ẹ sọ àwọ̀ rẹ̀ fún mi.” Ó rí bí omi tí a fi ṣan ife tíì, inú ìgò funfun gbalaja ni wọ́n sì rọ ọ́ sí. Ìyá náà mí kanlẹ̀. Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ti ba áyódíìnì náà jẹ́. Òun ló yẹ kó so mọ́ crystal violet nínú ara kòkòrò kí aró náà di ìṣù ńlá tí kò lè tètè gba inú ògiri tó nípọn jáde, àìsí rẹ̀ ló jẹ́ kí sípíríìtì fọ gbogbo rẹ̀ dànù. “Ẹ̀bi wa ni, ẹ jọ̀ọ́.” Wọn kò béèrè rìsíìtì. Ní ọjọ́ Ajé, ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ kan dé, ìwé pélébé kan sì wà lára rẹ̀: “Ẹ má ṣe gbé e sí oòrùn.”

Àwọ̀ àlùkò yọ gedegbe! Àwọn ọ̀pá kéékèèké tò tẹ̀lé ara wọn, ojú funfun bí ẹyin sì wà láàárín àwọn kan, èyí tí aró kò wọ̀: endospore nìyẹn, ohun tí kòkòrò náà fi ń la ìgbà ìnira kọjá, tí omi híhó kì í tètè pa. Ọmọ kan ké pé, “Sà, ihò wà nínú rẹ̀!” A kò kúrò nídìí máíkírósíkóòpù títí aago fi lù. Àwọn síláìdì tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ náà dára: Staphylococcus ṣù jọ, Streptococcus sì tò bí ìlẹ̀kẹ̀.

Káàdì aláwòrán inú àpótí ni n kò lè dárí jì. Àwọn tó ṣe é ya núkílíọ́ọ̀sì, àpò tó ń bo DNA, sínú bakitéríà! Bakitéríà kò ní in. Òrùka DNA rẹ̀ kàn ká jọ sínú ara rẹ̀ láìsí awọ tó bò ó. Ti K-12, irú E. coli kan, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 lẹ́tà DNA tó so pọ̀ ní méjì-méjì (base pair). Bí a bá nà án tán, ó ju míìlìmítà 1 lọ, kòkòrò fúnra rẹ̀ kò sì gùn ju nǹkan bí ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún míìlìmítà kan. Wọn kò tilẹ̀ ya plasmid, òrùka DNA kékeré tí kòkòrò kan ń fà lé òmíràn lọ́wọ́, tó sì sábà máa ń gbé agbára àìgbóògùn kiri. Ohun tó yẹ kí ọmọ tó ń lo oògùn láìgba àṣẹ dókítà mọ̀ gan-an ni wọ́n yọ sílẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò dáhùn.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Mo ti yọ káàdì náà kúrò nínú àpótí tèmi, mo sì ti fi bírò ya òmíràn sí ipò rẹ̀.