Yàrá Iṣẹ́ Abẹ Kẹjọ: Ohun Tí Mo Rí Nínú Fíìmù Coma

Ní Kàbbà, ní alẹ́ Sátidé tó kọjá, ni mo ti wo Coma, fíìmù tí Michael Crichton darí ní ọdún 1978. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mo ń pè ní Màmá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ló bá mi wò ó. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wa sì wà ní ẹ̀yìn ọgbà lọ́hùn-ún, nítorí pé Màmá kì í gbà kí a tàn án nítòsí fèrèsé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ yìí sọ́kàn.

Robin Cook tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà jẹ́ dókítà, Crichton fúnra rẹ̀ sì kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Harvard, èyí sì hàn gbangba nínú ìdajì àkọ́kọ́. Ọ̀rẹ́ Dókítà Susan Wheeler, tí Geneviève Bujold ṣe, wọlé fún iṣẹ́ abẹ kékeré ní ilé ìwòsàn ńlá kan ní Boston, kò sì jí mọ́. Ọkùnrin tó wá tún orúnkún ṣe náà kò jí. Kò sí iwin níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kò sì pọ̀. Fáìlì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àwọn ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ló ń bani lẹ́rù. Orin Jerry Goldsmith kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ títí eré fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sì ṣiṣẹ́ ju ìlù èyíkéyìí lọ.

Ẹni tí kò bá fẹ́ kí n tú àṣírí eré kí ó dúró níbí.

Wọ́n ń gba inú páìpù rán carbon monoxide sí yàrá iṣẹ́ abẹ kẹjọ, dípò ọ́síjìn tó yẹ kí aláìsàn máa mí sínú. Bí Màmá ti rí i, ó ní afẹ́fẹ́ tó ń pa àwọn tó ti jẹnẹrétọ̀ mọ́ ara wọn sílé náà nìyẹn. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà á sì máa pọ́n dáadáa, tí oníṣẹ́ abẹ kò fi ní fura. Màmá fi kún un pé ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há aláìsàn níka lóde òní pàápàá lè máa sọ pé ọ́síjìn pé. Ìwà ìkà tí wọ́n gbé kalẹ̀ yìí ṣeé gbà gbọ́, òun ló sì mú kí fíìmù náà dára.

Ilé tí wọ́n ti fi wáyà so àwọn aláìsàn tí kò jí mọ́ náà rọ̀ sí òfuurufú, tí wọ́n ń dúró de ẹni tí yóò ra kíndìnrín wọn, ni gbogbo ènìyàn máa ń rántí. Ó wu ojú, àmọ́ Màmá rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ní kí ìdùbúlẹ̀ pípẹ́ má bàa dá egbò sí wọn lára ni wọ́n ṣe so wọ́n rọ̀: “Iṣẹ́ yíyí aláìsàn padà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí a fi ẹ̀yìn wa ṣe, ni wọ́n gbé fún wáyà!” Láti ibẹ̀ lọ, ìsáré àti ìsápamọ́ ló kù.

Ìparí rẹ̀ gan-an ló bí mi nínú. Susan, tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ti rán lọ sọ́dọ̀ dókítà ọpọlọ nítorí pé ó ń béèrè ọ̀rọ̀, tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ páìpù náà dé ìdí, ni Dókítà Harris, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ abẹ ilé ìwòsàn náà, fún ní oògùn jẹ, tí wọ́n sì tẹ́ sórí tábìlì. Ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, tí Michael Douglas ṣe, tí kò gbà á gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ló wá lọ já páìpù. Kí ló dé tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò lè parí rẹ̀? Kò ya Màmá lẹ́nu: ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, bí nọ́ọ̀sì bá sọ pé nǹkan kò lọ déédéé, wọ́n á ní ó ti rẹ̀ ẹ́, kí ó lọ sinmi.

Síbẹ̀, ìdajì àkọ́kọ́ yẹn, n óò tún un wò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìsánlú, tí wọn yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá fún ní oṣù tó ń bọ̀, ti ní kí n fi fíìmù náà ránṣẹ́ sí òun. Mo ní kí ó dúró títí yóò fi jí.